Bekárì Alhaji àti ọmọ tó fẹ́ yan kọ́ọ̀sì: operations research ni àbí bísínẹ́ẹ̀sì?

Ọmọkùnrin kan wà tó ń gba lẹ́sìn maths lọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde látìgbà tó ti wà ní SS1. Kì í ṣe pé òun ló máa ń gba ipò kìíní ní gbogbo ìgbà o, ṣùgbọ́n irú ọmọ tó máa padà wá bá ẹ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni, á ní "Sà, mo ti rí ọ̀nà míì tá a lè gbà ṣe ìṣirò yẹn". Nígbà tó ṣe WAEC tán, àbúrò ìyá ẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà bá a wá yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ kan lọ́hùn-ún, wọ́n fún un ní skọ́láṣíìpù díẹ̀, ẹbí dá ìyókù jọ, ó bá lọ. Ọ̀hún ò dà bíi tiwa tó jẹ́ pé látorí fọ́ọ̀mù JAMB lọmọ ti máa mú kọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn máa ń jẹ́ kí ọmọ kàwé bí ọdún kan sí méjì kó tó sọ pé kọ́ọ̀sì báyìí ni mo fẹ́ fi gba dìgírì.

Ọdún kìíní parí, ó wálé nínú oṣù kẹfà, Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ tó máa da ilé rú dání. Ó ní operations research (ìṣirò tí wọ́n fi ń wá ọ̀nà tó dáa jù láti lo ìwọ̀nba nǹkan tó wà nílẹ̀) lòun fẹ́ ṣe, Alhaji bàbá ẹ̀ ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bísínẹ́ẹ̀sì lo máa ṣe. Alhaja ní kí wọ́n pè mí.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe káńsílọ̀, ẹ̀yin tíṣà lẹ́sìn, àtẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí wọ́n máa ń fa ọmọ lé lọ́wọ́ pé "ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀". Mo ti yọ orúkọ kúrò, mo sì ti tún àwọn iye owó tò kí ìṣirò lè yéni kíá, kẹ́nikẹ́ni má sì dá ilé wọn mọ̀, ṣùgbọ́n bọ́rọ̀ ṣe lọ nìyẹn.

Alhaji ní bekárì. Ààrò méjì, àwọn òṣìṣẹ́ òru, ọkọ̀ kan tó ń gbé búrẹ́dì kiri, àti àwọn ìyá oníbúrẹ́dì tí wọ́n ń wá kó ọjà láàárọ̀ kùtù, òmíì á sanwó, òmíì á ní ó di ìrọ̀lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí igbá, kò lọ yunifásítì kankan. Ohun tó ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Ó ní òun ti rí ọmọ tó lọ kàwé ńlá tó padà wálé tí ò lè ka ìwé gbèsè, òun ò sì fẹ́ kí bekárì kú mọ́ òun lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, ẹni tó máa jogún òwò, ẹ̀kọ́ òwò ni kó lọ kọ́, ó tán. Ó tún béèrè pé ta ló máa gba èèyàn síṣẹ́ lórí kọ́ọ̀sì tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí ní gbogbo Ìjẹ̀bú.

Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ò lè dáhùn dáadáa. Ó kàn ń sọ pé "maths tí wọ́n fi ń ṣe ìpinnu ni, Daddy", gbogbo wa sì mọ̀ pé ìyẹn ò lè yí Alhaji lọ́kàn padà. Bá a ṣe ń tú u wò ni mo wá rí i pé òun náà ò tíì mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní họ́sítẹ̀lì ló ń ṣe é, ó rí i pé ó le, ó sì wù ú torí pé ó le. Irú ìyẹn ti gbé ọmọ tó pọ̀ lọ síbi tí ò yẹ wọ́n.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n ti gbìyànjú kí n tó dé ni pé wọ́n pe àbúrò ìyá ẹ̀ lórí fóònù. Ìyẹn ní operations research ló dáa jù torí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá kàwé ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n máa ń gbà á láyè kó ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 lẹ́yìn tó bá jáde, tí kọ́ọ̀sì ẹ̀ bá sì wà nínú àwọn tí wọ́n kà sí STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, engineering àti maths), ó lè gba oṣù 24 lé e. Operations research wà nínú ẹ̀, business administration lásán ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n management science (fífi ìṣirò darí òwò), tó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì ló sábà máa ń wà, wọ́n kà á mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ó sì yẹ kí gbogbo káńsílọ̀ mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo sọ fún wọn níwájú Alhaja pé èmi ò ní jẹ́ ká fi ìyẹn yan iṣẹ́ ayé ọmọ. Òfin ìgbélùú ìjọba kan lè dé kó yí i padà, ọmọ á sì wà nínú kíláàsì tó kórìíra fọ́dún mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní kó ṣí ojú ìwé yunifásítì ẹ̀, ká ka orúkọ kọ́ọ̀sì méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ṣe é. Lápá bísínẹ́ẹ̀sì: accounting, finance, marketing, òfin òwò, bí wọ́n ṣe ń darí òṣìṣẹ́, statistics díẹ̀, calculus kan. Lápá operations research: calculus títí dé èyí tó ní variable púpọ̀, linear algebra, probability (ìṣirò bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀), statistics, optimization (wíwá èyí tó dáa jù), stochastic processes (nǹkan tó ń yí padà láìdájú), simulation (fífi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé nǹkan), àti kí èèyàn máa kọ prógíráàmù sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ Alhaji yí díẹ̀ níbẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní "Ṣé nínú gbogbo eléyìí, kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè?" Mo ní kò sí, Alhaji. Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn, torí kò sí lóòótọ́.

Mo tún sọ fún un níbi tí operations research ti jáde, torí orúkọ yẹn ló ń dẹ́rù bà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jọ kí wọ́n bá àwọn ológun ro bí wọ́n ṣe máa lo ìwọ̀nba nǹkan tí wọ́n ní. Patrick Blackett wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọ̀kan lára ohun tí àwọn èèyàn ẹ̀ ṣe ni pé wọ́n ka iye ọkọ̀ ojú omi tiwọn tí àwọn ará Jámánì ń mú rì nígbà tí àwọn ọkọ̀ náà bá ń rìn lẹ́gbẹẹgbẹ́, wọ́n wá rí i pé tí ẹgbẹ́ bá tóbi, ìdá tó ń ṣòfò nínú ẹ̀ kéré ju ti ẹgbẹ́ kékeré lọ, wọ́n ní kí wọ́n máa kó ọkọ̀ púpọ̀ lọ pọ̀. Ogun parí, ìmọ̀ yẹn bọ́ sínú ọjà. Lónìí UPS, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gbé ẹrù dé ilé oníbàárà, ń lò ó láti sọ fún dírẹ́bà ilé tó máa kọ́kọ́ yà àti èyí tó máa kẹ́yìn. Alhaji tó ní ọkọ̀ kan tó ń gbé búrẹ́dì kiri, ìyẹn yé e lójú ẹsẹ̀.

Síbẹ̀, ìtàn ò tíì yanjú nǹkan kan. Mo wá ní kí ọmọ náà má sọ̀rọ̀ mọ́, kó lọ ṣe iṣẹ́ méjèèjì nínú bekárì bàbá ẹ̀ ká wò ó.

A gbé àga sí yàrá tí wọ́n ń kó fúláwà sí, ooru ààrò ń fẹ́ wá, ọmọ náà sì yí káléńdà àtijọ́ padà, ó fi bírò kọ nǹkan tí Alhaji sọ sẹ́yìn ẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ ń ra àpò fúláwà 12 lójúmọ́. Ààrò méjèèjì, tí wọ́n bá lo ìkọ̀ọ̀kan fún wákàtí 15, wákàtí 30 nìyẹn. Àpò fúláwà kan tí wọ́n bá fi ṣe búrẹ́dì ńlá máa ń gba ààrò fún wákàtí 2, èrè ẹ̀ ₦12,000. Tí wọ́n bá fi ṣe búrẹ́dì kékeré, wákàtí 3 ni torí páànù pọ̀ tí wọ́n á máa tì wọ ààrò, èrè ẹ̀ ₦15,000. Alhaji ń ṣe kékeré nìkan. Ó ní àpò kan ₦15,000, àpò kan ₦12,000, èwo lẹ máa mú?

Ó dà bíi pé òótọ́ ni. Tí wọ́n bá ṣe kékeré nìkan, àpò 10 ni ààrò lè gbà, wákàtí 30 ti tán, èrè ₦150,000, àpò méjì á kàn dúró sílẹ̀. Ṣe ńlá nìkan, àpò 12 á wọlé, ₦144,000. Ọmọ náà fa ìlà méjì sẹ́yìn káléńdà, ọ̀kan fún fúláwà, ọ̀kan fún ààrò, ó wá fi ìka lé ibi tí wọ́n ti pàdé. "Igun yìí ni, Daddy. Mẹ́fà mẹ́fà." Àpò 6 fún ńlá, ₦72,000, àpò 6 fún kékeré, ₦90,000, gbogbo ẹ̀ ₦162,000. Fúláwà tán, wákàtí ààrò náà tán, kò sí ìkankan tó ṣòfò. Ìyàtọ̀ ₦12,000 lójúmọ́ láìra nǹkan kan sí i. Ó tún ní tí Daddy bá rí àpò kan sí i, mẹ́sàn-án ńlá àti mẹ́rin kékeré ló máa di, èrè á kúrò ní ₦162,000 á di ₦168,000, nítorí náà tẹ́ni tó ń ta fúláwà bá fẹ́ fi díẹ̀ lé iye àpò kan yẹn, títí dé ₦6,000 ó ṣì yẹ ká rà á.

Alhaji dákẹ́. Ó mú káléńdà yẹn, ó tún un ṣírò lórí fóònù ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó wá pe ọ̀gá àwọn tó ń yan búrẹ́dì wọlé kó wá gbọ́. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe, linear programming ni wọ́n ń pè é, ọdún 1947 ni George Dantzig, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tó máa ń gba igun dé igun títí á fi kan èyí tó dáa jù, kódà tí nǹkan tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ bá pọ̀ ju méjì lọ fíìfíì. Méjì péré ni tiwa, ẹ̀yìn káléńdà gbà á.

Alhaji ní àwọn máa dán an wò, ṣùgbọ́n kí Ojúde Ọba kọjá ná. Ó ní lásìkò yẹn gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú wà nílé, ohunkóhun lèèyàn bá yan wọ́n á rà á, kò ní jẹ́ ká mọ òótọ́. Ẹ ò rí i pé bàbá yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń dán nǹkan wò, ó kàn jẹ́ pé kò ka ìwé ẹ̀ ni.

Àlejò lọ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Ọjọ́ kìíní búrẹ́dì ńlá ṣẹ́kù, ọjọ́ kejì ó ṣẹ́kù jùyẹn lọ, ó sì di búrẹ́dì àná tí wọ́n ń ta ní ìdajì owó. Alhaji bínú gan-an, ó ní ìwé Amẹ́ríkà ò mọ Ìjẹ̀bú. Òun ló pè mí lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí n wá kó ọmọ mi.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí wò dáadáa rèé, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yanjú. Èèyàn méjì ló gbé ìgbésẹ̀ nínú ilé náà, wọn ò sì gbé ìgbésẹ̀ kan náà.

Alhaja ò sọ nǹkan kan. Ó jí láàárọ̀ kùtù, ó bá àwọn ìyá oníbúrẹ́dì jókòó síwájú bekárì, ó ń bá wọn dì í sínú ọ̀rá, ó ń bi wọ́n léèrè ilé, ó ń bi wọ́n léèrè ọmọ. Kó tó di pé wọ́n kó ọjà lọ, ó ti mọ gbogbo ẹ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì sí Sátidé ni búrẹ́dì ńlá ń lọ, torí àwọn tó ń ti Èkó wálé fún òde àríyá. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ iléèwé àti ọ̀lọ́kadà ló ń rà, kékeré ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní búrẹ́dì ńlá tó kọjá ti àpò 4 ò lè tà láàárín ọ̀sẹ̀. Ó tún gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ sá lọ sí bekárì míì nítorí bí dírẹ́bà ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì parí ìyẹn náà níbẹ̀.

Ọmọ náà ńkọ́? Kò lọ bá ìyá kankan. Ó gba "àpò 4" lẹ́nu Alhaja, ojú ẹ̀ là, ó bá sáré padà sídìí káléńdà. Ó ní ìlà kẹta ló kù tóun ò fà. Ńlá 4, kékeré 7, àpò 11, wákàtí 29, èrè ₦153,000, ó ṣì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òpin ọ̀sẹ̀, ká padà sí mẹ́fà mẹ́fà. Ó wá rí nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún un: láàárín ọ̀sẹ̀ fúláwà kọ́ ló ń dá wọn dúró mọ́, ààrò ni. Tí ààrò kọ̀ọ̀kan bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan sí i, wákàtí 32 nìyẹn, kékeré á di 8, àpò 12 á pé, èrè á di ₦168,000 ká tó yọ owó igi àti owó àfikún iṣẹ́. Kò tiẹ̀ yé e pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ òru sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi wákàtí kan kún iṣẹ́ wọn. Alhaja náà ló lọ, ó mọ èyí tó fẹ́ owó àti èyí tó fẹ́ ìsinmi ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tó rọlẹ̀ mo bi ọmọ náà pé nínú gbogbo eléyìí kí ló kù tí ò jẹ́ kó o sùn. Kò ronú rárá. Ó ní "Sà, àpò 4 yẹn ò lè jẹ́ 4 lójoojúmọ́. Nígbà míì ó máa jẹ́ 3, nígbà míì 5. Tí mo bá yan púpọ̀ ó di búrẹ́dì àná, tí mo bá yan díẹ̀ oníbàárà á lọ síbòmíì. Mélòó ni kí n yan tí mi ò tíì mọ iye tí wọ́n máa rà?" Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Ìbéèrè yẹn, odidi ẹ̀kọ́ kan ni nínú operations research, àpẹẹrẹ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ ọ, torí ìwé ìròyìn àná náà ò tà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, òun ló bi ara ẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ ìdáhùn, àmọ́ mi ò sọ ọ́ fún Alhaji bíi pé ọmọ ẹ̀ borí. Mo ní Alhaji, iṣẹ́ méjì ló wà nínú bekárì yìí, ẹ ti fojú yín rí ẹni tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yín ò ní dáa níbi tí Alhaja ti dáa, ó kéré tán kò tíì dáa níbẹ̀ báyìí, tẹ́ ẹ bá tì í sí bísínẹ́ẹ̀sì á gba máàkì, ṣùgbọ́n ọkàn ẹ̀ ò ní sí níbẹ̀. Mo bá wọn ṣètò pé tó bá padà lọ, linear algebra àti probability ni kó kọ́kọ́ mú, kó mú accounting kan mọ́ ọn, kó tó fọwọ́ síwèé. Tí probability bá lé e sá, kò sí ìtìjú, management science wà lápá bísínẹ́ẹ̀sì. Alhaji ní accounting yẹn dandan ni o. Mo ní dandan ni.

Probability fojú ẹ̀ rí nǹkan ní oṣù àkọ́kọ́, ó máa ń pè mí lóru. Kò sá. Ó yan operations research, ó fi bísínẹ́ẹ̀sì ṣe minor, ìyẹn kọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń ṣe mọ́ ti dìgírì, ó ti wà ní ọdún kẹta báyìí, Alhaji sì máa ń ya ìwé ọjà oṣooṣù ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó bá òun wò ó.

Ohun tí mo mú nínú ẹ̀ sínú iṣẹ́ tèmi ni pé mi ò kí ń bi ọmọ mọ́ pé èwo lo fẹ́ràn. Mo máa ń wá ìṣòro gidi kan nínú òwò ilé wọn, màá jẹ́ kó yanjú ẹ̀, màá wá dúró de ìgbà tó máa bàjẹ́. Ọmọ tó bá sáré lọ bá èèyàn nígbà tó bàjẹ́, bísínẹ́ẹ̀sì ń pè é. Ọmọ tó bá sáré padà sídìí ìṣirò, ẹ jẹ́ kó lọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú kí ẹ máa sọ pé bísínẹ́ẹ̀sì ni ti ọmọ tí ò mọ maths, ohun tí Alhaja ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ò lè ṣe é pẹ̀lú gbogbo calculus ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ò ní lọ sókè òkun, àwọn tó wà ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Nílé níbí, ẹ ò sábà ní rí operations research gẹ́gẹ́ bí dìgírì àkọ́kọ́ lórúkọ ara ẹ̀, inú Mathematics, Statistics, tàbí industrial and production engineering bíi ti Yunifásítì Ìbàdàn lẹ ti máa bá a, díẹ̀ nínú ẹ̀ sì wà nínú Business Administration. Engineering fẹ́ Physics àti Chemistry mọ́ maths ní JAMB, bísínẹ́ẹ̀sì fẹ́ maths àti Economics. Ọmọ tó bá ti bọ́ sí commercial ní SS1 ti ti ilẹ̀kùn engineering mọ́ ara ẹ̀ láìmọ̀, nítorí náà òpin JSS3 ló yẹ ká ti jọ jókòó sídìí káléńdà. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì bóyá ọmọ gbọ́dọ̀ tún kọ̀wé lọ́tọ̀ kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì wọn, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù yẹn sì lè ti kọjá kí ọmọ tó dé fún Iléyá.